Àbùjá tí ò mọ̀nà mọ́

Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti yọ prógráàmù kúrò lórí kọ̀ǹpútà tí mo sì tún gbé e padà sórí ẹ̀, tó wá jẹ́ pé prógráàmù yẹn ò ṣe mí ní nǹkankan. Tí mo bá ti ṣí Start menu (àtòjọ prógráàmù tó ń yọ jáde tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì Windows), tí mo tẹ orúkọ nǹkan tí mò ń wá, tí kò bá ṣí, ẹjọ́ ti parí nìyẹn, kò sí pé à ń gbọ́ tẹnu ẹnikẹ́ni, ó ti bàjẹ́, ẹ yọ ọ́ dànù. Wákàtí kan á lọ, nígbà míì méjì, gbogbo sẹ́tíìnì tí mo ti fara balẹ̀ tò á ti parẹ́, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó lákọ̀tun, tí mo bá sì parí, màá tún máa yan fanda pé mo mọ kọ̀ǹpútà tún ṣe. Ẹ wá wò ó o, nǹkan tó ń dà mí láàmú ní gbogbo ìgbà yẹn ò ju fáìlì kékeré kan báyìí lọ, kìlóbáìtì méjì mẹ́ta lásán.

Ọjọ́ tí ojú mi là, èmi gan-an ni mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Díráìfù C mi, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, ti kún, ó ti pupa. Mo wá ṣe ẹ̀dà fóldà prógráàmù kan tí mo fi ń gé fídíò sórí D, díráìfù kejì, mo ṣí i níbẹ̀, ó ṣiṣẹ́, inú mi dùn, mo pa ti C rẹ́, mo lọ sùn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì mo lọ sí Start menu, mo tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ronú díẹ̀, ó wá gbé àkọlé kékeré kan síta tó ń sọ pé nǹkan tí àbùjá yìí, ìyẹn shortcut, ń tọ́ka sí, wọ́n ti yí i padà tàbí wọ́n ti gbé e kúrò, ṣé kí òun pa àbùjá náà rẹ́. Mi ò kà á. Ta ló ń ka nǹkan yẹn tẹ́lẹ̀? Mo tẹ No, mo tún tẹ prógráàmù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i bíi pé àánú mi á ṣe é, àkọlé yẹn tún jáde, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn tó ṣe prógráàmù, mo ti ń wá ibi tí màá ti dawunlóòdù ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àbúrò mi ọkùnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń tẹ fóònù ẹ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti wo ibi tó ń lọ?"

"Ibo ló tún fẹ́ máa lọ?"

"Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹ wo abẹ́ More, ẹ ó rí Open file location. Tó bá ti gbé yín débẹ̀, ẹ tún fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ sí Properties, kẹ́ ẹ wá ka ohun tó wà níwájú Target."

Mo kà á. Díráìfù C ló wà níbẹ̀. Mo dákẹ́. Òun náà dákẹ́, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ irú dídákẹ́ tí àbúrò ẹni máa ń dákẹ́ nígbà tó bá mọ̀ pé òun ló jàre.

Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Èmi náà, orí ẹrù ni mo ti ń wo wíwọ́ láti ọjọ́ yìí. Nǹkan tá à ń rí nínú Start menu yẹn kì í ṣe prógráàmù. Àbùjá ni (mo mọ̀ pé shortcut ni gbogbo wa ń pè é, àmọ́ àbùjá dùn lẹ́nu mi jù, ẹ jẹ́ n máa pè é bẹ́ẹ̀), ìyẹn ni pé ìwé pélébé kan ni tẹ́nì kan kọ nígbà kan pé ibi báyìí báyìí ni nǹkan yẹn wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, òótọ́ ni. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó ṣèlérí fún yín.

Orúkọ tí fáìlì yẹn máa ń jẹ́ ní ìdí ni .lnk, ẹ sì lè ti lo Windows fún ogún ọdún kẹ́ ẹ má rí i rí, torí kódà tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé kó máa fi ìdí orúkọ gbogbo fáìlì hàn, ti àbùjá ò ní hàn, nǹkan kan wà nínú Registry (ibi tí Windows ń kọ sẹ́tíìnì ẹ̀ sí) tí wọ́n ń pè ní NeverShowExt tó ń bò ó mọ́lẹ̀. Inú ẹ̀ ni wọ́n kọ ibi tí prógráàmù wà sí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n sọ fún un tó bá fẹ́ ṣí, inú fóldà wo ló ti máa bẹ̀rẹ̀, áíkọ́ọ̀nù wo ló máa gbé sójú, àti bóyá kó ṣí gbayawu ni àbí kó lọ ká sílẹ̀ sórí taskbar, ọ̀já tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Ìyẹn náà ti dà mí láàmú rí o, mo ń tẹ nǹkan, mo ń pariwo pé kò ṣí, ó sì ti ṣí nígbà mẹ́fà, ó kàn ká gbogbo ara ẹ̀ sílẹ̀ ni torí wọ́n yan Minimized síwájú Run. Àtìgbà tí Start menu ti kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú Windows 95, lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1995, bó ṣe wà nìyẹn, fóldà tó kún fún ìwé pélébé. Wọ́n ti kun ún lọ́dà, wọ́n ti gbé bọ́tìnì ẹ̀ kúrò pátápátá ní Windows 8, àwọn èèyàn pariwo, wọ́n dá bọ́tìnì padà ní 8.1, wọ́n tún wá gbé e sáàárín ní Windows 11, ìwé pélébé yẹn ṣì wà lábẹ́ ẹ̀.

Ká tiẹ̀ ní mo gé fóldà yẹn tí mo lẹ̀ ẹ́ síbòmíì ni, dípò kí n ṣe ẹ̀dà kí n tó wá pa ti àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí Windows tọ ipasẹ̀ ẹ̀ débẹ̀ fúnra ẹ̀, torí fáìlì tó bá wà lórí díráìfù NTFS (ọ̀nà tí Windows ń gbà to fáìlì sórí díráìfù) lè ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó máa ń bá a rìn tó bá kó lọ síbòmíì. Ẹ̀dà ò ní nọ́ńbà yẹn. Ọmọ tuntun ni ẹ̀dà, wọn ò mọ̀ ọ́n níbì kankan.

Mo wá fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé fóldà yẹn kì í ṣe ẹyọ kan, méjì ni, ibẹ̀ sì ni wàhálà ọ̀pọ̀ èèyàn wà. Ọ̀kan jẹ́ tiyín nìkan, èkejì jẹ́ ti gbogbo ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà yẹn, Start menu á kàn da méjèèjì pọ̀, á gbé e síwájú yín bíi pé ọ̀kan ni. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ shell:programs, tiyín nìyẹn. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ kọ shell:common programs, ti gbogbo ayé nìyẹn, abẹ́ ProgramData ló wà. Torí ẹ̀ ni ẹ fi máa ń pa nǹkan rẹ́ níbì kan tó ṣì máa wà níbẹ̀, tó ń wò yín. Torí ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà fi máa ń bi yín pé ṣé ẹ láṣẹ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan èkejì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wo inú ti gbogbo ayé yẹn ojú tì mí, mo bá orúkọ àwọn prógráàmù tí mo ti lé lọ láti ọdún gbọ́nhan, wọ́n lọ tán wọn ò kó ìwé wọn dání. Tẹ́ ẹ bá sì mọ fóldà sínú fóldà níbẹ̀ kẹ́ ẹ lè tò ó dáadáa, ẹ má dara yín láàmú, Windows tòde òní ò kì í fi ju ìpele kan lọ hàn.

Èyí tó gbà mí lákòókò jù nínú gbogbo ẹ̀, tí mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sọ, ni ti àpótí kan tó wà nísàlẹ̀ Target, wọ́n kọ Start in sí i. Gbogbo èèyàn ló máa ń fojú fò ó. Ọ̀rẹ́ mi kan pè mí pé prógráàmù kan tí wọ́n fi ń tẹ orúkọ àti nọ́ńbà síwèé níbi iṣẹ́ òun, tó ti pẹ́, tí ẹni tó kọ ọ́ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, tí òun bá lọ sínú fóldà ẹ̀ tí òun tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wẹ́rẹ́ ló ń ṣí, tí òun bá sì gba inú Start menu, á ní òun ò rí fáìlì tí orúkọ àwọn èèyàn wà. Prógráàmù kan náà o. Ojúmọ́ kan náà. Ó ti yọ ọ́, ó ti tún gbé e sí i, ó ti ríìsítáàtì, ó ti ṣe àpúdéètì Windows, ó tiẹ̀ ti ń sọ pé bóyá antivirus ni, ẹ ṣá mọ̀ bá a ṣe máa ń ṣe tí nǹkan ò bá yé wa, a máa di gbogbo ẹ̀ rù antivirus.

Mo ní kó ka Target fún mi, ó kà á, ó tọ̀nà. Mo ní kó ka Start in. Ó ní "kò sí nǹkankan níbẹ̀". Èmi náà ò mọ̀ pé ohun tó fà á nìyẹn, mi ò ní parọ́, mo kàn ń wò ó ni. Àṣé ọ̀pọ̀ prógráàmù àtijọ́, wọn kì í kọ ibi tí fáìlì wọn wà tán pátá, wọ́n á kàn sọ pé "ẹ mú ìwé orúkọ wá", wọ́n gbà pé inú yàrá táwọn wà ló máa wà. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láti inú fóldà ẹ̀, yàrá yẹn náà ló dúró sí, ó na ọwọ́, ó bá a. Tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà àbùjá tí wọn ò kọ yàrá kankan síwájú Start in ẹ̀, yàrá míì ni wọ́n máa gbé e lọ dúró sí, á na ọwọ́, á bá afẹ́fẹ́. Kò yá wèrè, kò bàjẹ́, wọ́n kàn gbé e sí yàrá tí kì í ṣe tiẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ mi kọ ọ̀nà fóldà yẹn síbẹ̀, ó tẹ OK, ó tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ ariwo lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló ti fi ń gba inú fóldà wọlé bíi olè tó ń gba fèrèsé.

Ti àmì àyọlò (" ") náà wà ṣá, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Tí ọ̀nà tẹ́ ẹ kọ síwájú Target bá ní àlàfo nínú, bíi Program Files, tẹ́ ẹ ò sì fi àmì àyọlò dè é lórí àti nídìí, kọ̀ǹpútà lè rò pé ibi àlàfo yẹn ni orúkọ parí sí, pé èyí tó kù jẹ́ ọ̀rọ̀ míì. Ẹ dè é.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀ ẹ máa dé Properties kẹ́ ẹ bá Target tó ti ṣú, tí kò ṣeé tẹ̀, tí kò ṣeé yí padà, Open File Location náà á ti kú. Ẹ má bínú sí i. Àbùjá tí Windows Installer (irinṣẹ́ tí Windows fi ń gbé prógráàmù sórí kọ̀ǹpútà) kọ nìyẹn, kì í tọ́ka sí fáìlì tààrà, nọ́ńbà prógráàmù ló ń tọ́ka sí, kí Installer lè kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá gbogbo ẹ̀ pé kó tó ṣí i. Tí nǹkan kan bá sọnù nínú fáìlì ẹ̀, á ní kẹ́ ẹ dúró, òun ń tò ó, lójoojúmọ́, ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn nìkan ni mo fi máa ń gbà pé kẹ́ ẹ lọ fi Repair tún prógráàmù gangan ṣe, torí níbẹ̀ kì í ṣe pé àbùjá ń parọ́, ó ń ṣàìsàn tí ẹlòmíì kó ràn án. Àwọn àpù tó wá láti Microsoft Store náà, wọn ò ní ìwé pélébé kankan nínú fóldà méjèèjì, ẹ wá wọn ní shell:AppsFolder, Settings sì lẹ ti máa tún wọn ṣe.

Áíkọ́ọ̀nù tó di funfun báláú ńkọ́? Ìrísí lásán ni. Windows máa ń ya àwòrán áíkọ́ọ̀nù pamọ́ sínú fáìlì kan kó má baà máa wá wọn kiri lójoojúmọ́, tí fáìlì yẹn bá ti dàrú, ẹ̀ ń rí ìwé funfun, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ó ń ṣí. Àṣẹ tó máa ń sọ fún Windows 10 pé kó tún áíkọ́ọ̀nù wò ni ie4uinit.exe -show, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín torí búrọ́sà Internet Explorer 4 ti ọdún 1997 ni wọ́n fi sọ orúkọ ẹ̀, ẹni tó ni orúkọ ti lọ, Microsoft ti pa Internet Explorer tì láti oṣù Kẹfà ọdún 2022, orúkọ ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilé.

Èyí tó máa ń já àwọn èèyàn láyà jù ni ìgbà tí gbogbo àbùjá bá pawọ́ pọ̀ ṣe wèrè kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ìwọ, wá wo nǹkan tó ń ṣe kọ̀ǹpútà mi. Mo tẹ búrọ́sà, ó gbé ibi tí mo ti ń ka PDF jáde. Mo tẹ kalikuléétọ̀ tí mo gbé sórí dẹ́sìkìtọ́ọ̀pù, PDF. Mo tẹ eré, PDF. Ṣé wọ́n ti há kíì mi ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkankan. Ṣé ẹ tẹ Open with láàárọ̀?"

Ó dákẹ́ pẹ́ títí. "Mo tẹ nǹkan kan ṣá."

Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó ti sọ fún Windows láìmọ̀ pé gbogbo fáìlì tó bá ń jẹ́ .lnk, prógráàmù tó ń ka PDF ni kó máa fi ṣí i. Ojú ẹ̀, ọgbọ̀n nǹkan ló bàjẹ́. Lóòótọ́, ẹyọ nǹkan kan ni. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ ò lè gba ọ̀nà àbùjá lọ tún àbùjá ṣe, ẹ máa lo bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, torí ìyẹn ò ti ìdí .lnk lọ, ẹ kọ regedit, ẹ wá .lnk lábẹ́ FileExts tó wà nínú Explorer lọ́wọ́ HKEY_CURRENT_USER, tẹ́ ẹ bá bá UserChoice níbẹ̀ ẹ pa á rẹ́, ẹ jáde kẹ́ ẹ padà wọlé. Mo ní kó kọ́kọ́ fi Export ya ẹ̀dà sílẹ̀ kó tó pa ohunkóhun rẹ́, inú Registry kì í ṣe ibi à ń ṣeré. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ṣì ń sọ fáwọn èèyàn pé wọ́n há kíì òun.

Kì í sì í ṣe pé ẹ̀rù tó bà á kò nídìí. Àbùjá táwọn olè ti fọwọ́ kàn wà dáadáa. Mo ti rí ti búrọ́sà kan tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i ló ń lọ sí ìkànnì ìpolówó kan, wọ́n ti yí sẹ́tíìnì búrọ́sà yẹn títí, kò gbọ́, mo wo Target, ó tọ̀nà láti orí dé ìdí, àfi pé lẹ́yìn àmì àyọlò tó kẹ́yìn, ẹnì kan ti lẹ àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì mọ́ ọn. Ẹ máa kà á dópin o, àpótí yẹn kéré, wọ́n mọ̀ pé ẹ ò ní yí i dé ìdí. Ní ọdún 2010 ó burú jù báyìí lọ, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Stuxnet gba ara àbùjá wọlé, tó jẹ́ pé kẹ́ ẹ kàn ṣí fóldà kí Windows fi áíkọ́ọ̀nù ẹ̀ hàn yín ti tó, ẹ ò tiẹ̀ tíì tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ni Microsoft gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn jù ni ọjọ́ Friday, 13 oṣù Kìíní ọdún 2023. Microsoft Defender, antivirus Microsoft, gba ìsọfúnni tuntun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òfin kan níbẹ̀ tó yẹ kó máa dí macro Office (àwọn àṣẹ kéékèèké tí wọ́n ń kọ sínú fáìlì Word tàbí Excel) lọ́wọ́ ṣìnà, ó wá ń pa àbùjá rẹ́, lórí Start menu, lórí taskbar, lórí dẹ́sìkìtọ́ọ̀pù, ní àwọn iléeṣẹ́ tó tan òfin yẹn sílẹ̀. Àwọn èèyàn jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní Word ti lọ, Excel ti lọ, gbogbo ẹ̀ ti lọ. Kò sí nǹkankan tó lọ. Word wà níbi tó wà, Excel wà níbi tó wà, ìwé tó ń júwe ilé wọn ni wọ́n fà ya. Microsoft fúnra ẹ̀ kọ àkójọ àṣẹ PowerShell kan jáde tó ń wo ara kọ̀ǹpútà, tó bá rí prógráàmù tó mọ̀, á tún àbùjá ẹ̀ kọ. Tẹ́ ẹ bá wò ó, iṣẹ́ tí àbúrò mi ní kí n ṣe náà ni, wọ́n kàn ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Mo tún gbàgbé, tẹ́ ẹ bá ti tún ti Start menu ṣe tán tí ti taskbar ò gbọ́, ẹ̀dà ọ̀tọ̀ ni ti taskbar, inú fóldà míì ló wà, ẹ yọ ọ́ níbẹ̀ kẹ́ ẹ tún un kàn mọ́ ọn látinú èyí tó dáa. Tó bá sì jẹ́ Start menu fúnra ẹ̀ ni ò ṣí rárá, ìyẹn kì í ṣe ti àbùjá mọ́, ẹ lọ sí Task Manager (níbi tí Windows ti ń to gbogbo nǹkan tó ń ṣiṣẹ́), ẹ wá StartMenuExperienceHost, ẹ pa á, òun fúnra ẹ̀ á dìde.

Ti àbúrò mi ṣì ku kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mi, ó ń wá nǹkan, ó rí áíkọ́ọ̀nù funfun kan lábẹ́ lẹ́tà T, ó tẹ̀ ẹ́, àkọlé yẹn jáde, ṣé kí òun pa á rẹ́. Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún ti gbogbo ayé ṣe." Prógráàmù tí mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé lórí kíbọ́ọ̀dù ni, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, díráìfù tó wà lórí ẹ̀ ti kú, àwọn tó ṣe é náà ò ṣe é mọ́. Ìwé ẹ̀ nìkan ni mò ń kó láti kọ̀ǹpútà kan dé òmíì. Mo ní kó tẹ No.